Ọkọ̀ Bàbá Péjú Tí Wọ́n Ń Rì Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀bá Èbúté,
Òde-Omi.

Adépéjú ọmọ mi,

Bí o bá jókòó, dìde. Bí o bá dúró, fi ọwọ́ di nǹkan mú. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí kì í ṣe bàbá tí o fi sílẹ̀ nílé nígbà Ọdún Àjíǹde. Dókítà Ajíbádé, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní físíìsì ní yunifásítì, ti bọ́ gáùn ọ̀mọ̀wé lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì fi wọ̀ mí ní èbúté wa lójú gbogbo ìlú. Ọ̀sà dákẹ́. Àwọn ẹja yọrí wá wò mí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn tó wà níwájú pé ta nìyẹn. Láti Òde-Omi títí dé Makun-Omi, kò sí ẹni tó tún ń pè mí ní Zechariah Atukọ̀ mọ́, Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kí ara wa ná, a kì í ti orí òkè àjà wọ ilé onílé.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé yàrá tí o gbà ní Àgọ́-Ìwòyè ti ṣíwọ́ jíjò? Ẹni tó ń ṣọ́ atukọ̀ tó bá sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ yóò máa ṣọ́ ọ, ìwé tí ò ń kà kò ní ka ìwọ náà tán. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé ojúoró ní í lékè omi, pé ìwọ ni wàá máa lékè. Mo fi kún un tinútinú, nítorí pé láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ohun tó ń lékè omi àti ohun tí kì í lékè ni gbogbo wa ń sọ nílé yìí.

Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ìdajì ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjọ́ náà ni alága ẹgbẹ́ akọrin ti ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Àbúrò ìyá rẹ tó wà ní Awa ti kó lọ sílé tuntun, òrùlé kò tíì dé igun kan, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ilé tí a kọ́ bẹ́ẹ̀ kò burú, kò gba kí èèyàn máa pọnmi.

Ó yá, ká wọ inú ọ̀rọ̀. Nígbà ọdún Kérésì, o mú téèpù télọ̀ wá sí èbúté, o wọn ọkọ̀ mi láti imú dé ìdí, o wọn ikùn rẹ̀, o wọn bó ṣe jìn tó, o sì ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Inú mi dùn. Mo sọ fún Mùbàṣírù, tí ọkọ̀ tirẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, pé ọmọ mi fẹ́ rán tapólì bo ọkọ̀ mi kí òjò má baà pa èrò mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun wọn tòun náà. Mo ní kó lọ bí ọmọ tirẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni ò ń gbé e lọ.

O ṣàlàyé fún wa nígbà Àjíǹde, mi ò ní sọ pé o ò ṣàlàyé. O ní iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ni, pé àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí kò ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì lè fi kọ̀ǹpútà kọ́ ìdí tí nǹkan fi ń léfòó, pé Dókítà Ajíbádé ń bọ̀ ní Òde-Omi wá bi wọ́n léèrè fúnra rẹ̀. O ní bí wọn ò bá lè dáhùn, wàá tún odindi ọdún kan kà. Mo gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Ṣùgbọ́n o ò sọ pé rírì ni wọ́n máa rì mí.

Tíṣà Ọmọ́títí tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà nílé-ìwé wa ló ránṣẹ́ pè mí kí n wá wo iṣẹ́ ọmọ mi. Mo wọ aṣọ ìsìn. Ó gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan kalẹ̀, ó ṣí i, ni mo bá rí ọ̀sà, mo sì rí ọkọ̀ mi lórí ọ̀sà. Kì í ṣe ọkọ̀ tó jọ ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ mi ni, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù, pẹ̀lú ibi tí mo fi pákó lẹ̀ nígbà tí ó lu òpó, pẹ̀lú ÌRÌNÀJÒ AYỌ̀ tí mo kọ sí i lára. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Ọmọ kékeré kan, Lará ọmọ alátà, wá ń fi ìka kó àpò iyanrìn sínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, àpò bọ́ síbẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, òmíràn bọ́ síbẹ̀. Mo ní kó rọra. Nígbà tí àpò kẹsàn-án bọ́ síbẹ̀, omi gba etí ọkọ̀ wọlé, ọkọ̀ mi lọ sísàlẹ̀ báyìí, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́.

Péjú, ìwọ náà dàgbà ní èbúté yìí. Bí ojú bá rí ọkọ̀ tó ń rì, ẹsẹ̀ kì í dúró. Mo ti bọ́ bùbá, mo ti ká ṣòkòtò dé orúnkún kí Tíṣà tó di mí mú. Mo bi í pé ta ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kò sí èèyàn níbẹ̀. Mo ní ta ló wá tù ú débẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó tù ú, pé àfarawé lásán ni, pé orí ayélujára ló wà, pé ẹni tó wà ní Ìlú Ọba pàápàá lè ṣí i lórí fóònù rẹ̀ kó sì rì í bó ṣe wù ú. Mo jókòó. Èmi tí mi ò kọjá Èpé rí, wọ́n ti ń rì mí ní Ìlú Ọba.

Bí ó bá mọ níbẹ̀ ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í mọ ọ̀rọ̀ tí kì í dé ilé. Ìyá bi ọmọ pé kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí, ọmọ ní àwọn ri ọkọ̀ Bàbá Péjú. Lọ́jọ́ kejì, ìyá bi í, ó ní àwọn tún rì í. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà Makun-Omi fi ń kọjá níwájú mi lọ bá Mùbàṣírù. Mo pe Ìyá Lará, mo ní àbí ojú ń dùn ọ́ ni, ìwọ tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí o wà lóyún. Ó ní kí n má bínú, pé òun mọ̀ pé ọkọ̀ mi dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń rì lójoojúmọ́, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìsinmi díẹ̀. Mùbàṣírù wá ń kígbe lórí omi pé ẹ wọlé o, ẹ wọlé o, ọkọ̀ tí kò lọ sílé-ìwé rí rèé!

Mo ronú. Mo ní bí kọ̀ǹpútà kò bá rí ọkọ̀ yìí mọ́, kò ní lè rì í. Ni mo bá tù ú lọ sí odò kékeré kan lọ́nà Makun-Omi, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, mo fi ṣéènì dè é mọ́ igi, mo fi àgádágodo tì í, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú ẹrẹ̀. Mo yà sílé-ìwé. Ọkọ̀ mi wà níbẹ̀, ó ń léfòó, Lará ń kẹ́rù sí i. Mo padà sínú igbó, ọkọ̀ mi wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé méjì ni wọ́n, pé èmi sì ni mo ń sanwó ọ̀dà fún méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ nígbà tí omi ti wọ ọkọ̀ náà dé ìdajì. Kò rì, kò sì léfòó. Imú rẹ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohun gbogbo dúró, omi náà dúró. Tíṣà ní ká fi sílẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Ó sọ ọ́ báyẹn wọ́ọ́rọ́, ó sì lọ jẹ ẹ̀bà. Ará òkè ni, mi ò bínú sí i. Ta ló máa ń fi ọkọ̀ sínú ewu lọ jẹun? Mo gbé àga sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ parí kíláàsì, wọ́n gbálẹ̀ yí mi ká. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá, ó ní kí n jẹ ẹ́, mi ò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, bátìrì tán, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Mo lọ bá Tíṣà nílé, mo ní ilẹ̀ ti ṣú lórí omi wọn lọ́hùn-ún, kí wọ́n tan iná. Ìyá rẹ fà mí lápá lọ sílé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ ṣe òfin. Mo pe àwọn ọmọ náà jọ, mo rán wọn létí òfin èbúté wa: ẹni tó bá ri ọkọ̀ ẹlòmíràn, òun ni yóò gbọ́n omi rẹ̀, òun ni yóò sì máa kúnlẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé bẹ gbogbo ará èbúté. Mo ní òfin náà dé inú kọ̀ǹpútà. Ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n mọ òfin. Kí n tó fọ ẹnu lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kúnlẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo èyí tí wọ́n ti rì. Láti ọjọ́ náà, àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ mi, wọ́n á sì káwọ́ gbera, wọ́n á máa wò ó. Ọkọ̀ mi ń léfòó tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo sùn dáadáa.

Tíṣà Ọmọ́títí ló jí mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní Dókítà ń bọ̀, pé ọmọ tí kò bá rì í kò lè mọ ìdí tó fi ń rì, pé ẹni tí kò mọ ìdí tó fi ń rì kò mọ ìdí tó fi ń léfòó. Mo ní kó yọ orúkọ mi lára rẹ̀, kó kọ ti Mùbàṣírù sí i. Ó ní ìwọ Péjú nìkan lo lè ṣe é. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa ri ti ẹlòmíràn. Ìyá rẹ tó ń ṣa ẹ̀wà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, Bàbá Péjú, bí ọkọ̀ rẹ ò bá rì, iṣẹ́ ọmọ rẹ ló máa rì, mú èyí tí o fẹ́ gbọ́n níbẹ̀.

Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Dókítà dé. Èèyàn gígùn ni, òòyì omi ṣì wà lójú rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ Mùbàṣírù ló wọ̀. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì. Ó ṣí ọkọ̀ mi lójú kọ̀ǹpútà, ó kó àpò mẹ́jọ sínú rẹ̀, ó ní ta ló lè sọ fún òun, bí òun bá fi ẹ̀kẹsàn-án sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀, kí ni ìdí rẹ̀? Lará la ẹnu, ó rí mi lẹ́yìn fèrèsé, ó pa ẹnu náà dé bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Dókítà tún béèrè. Wọ́n ń wo fèrèsé. Ó ní bóyá wọn ò tíì kọ́ ibẹ̀. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó dé ìdérí bírò rẹ̀.

Mo yọ orí wọlé. Mo ní kí wọ́n dáhùn, pé mo ti yọ̀ǹda. Kò sí ẹni tó gbà mí gbọ́. Lará ní, Bàbá, ẹ̀ ń dán wa wò ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tọ́ wa ní èbúté yìí. Bí àgbà bá ní kí o mú ẹran lọ́nà bẹ́ẹ̀, má mú un.

Ni mo bá ní kí gbogbo wọn tẹ̀ lé mi, kí Dókítà náà bá wa lọ. Mo lọ tú ọkọ̀ mi níbi tí mo fi pamọ́ sí, mo tù ú wá sí èbúté, mo ní kí wọ́n kó àpò iyanrìn tí a fi di etí omi wá. Èrò pọ̀. Mùbàṣírù ní, Zechariah, ṣé o fẹ́ fi ọkọ̀ sin òkú iyanrìn ni? Mo ní kó gbé àpò, kó yé gbé ẹnu. Nígbà tí ó pé mẹ́jọ, omi ku bí ìbú ìka kó dé etí ọkọ̀. Dókítà ní ó tó, òun ti rí i. Mo wo àwọn ọmọ. Ẹnu wọn ṣì wà ní pípadé. Ọkọ̀ tí bàbá mi gbẹ́, tí a fi tọ́ ọ, tí a fi san owó ilé-ìwé rẹ. Mo dúró sínú rẹ̀, mo na ọwọ́, mo gba ẹ̀kẹsàn-án fúnra mi, mo sì gbé e kalẹ̀ sí àárín.

Kò kánjú. Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi fi etí kan wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó sì lọ, èmi náà sì bá a lọ.

Nígbà tí mo yọrí, gbogbo èbúté ń pariwo, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ló ga jù. Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Lará gun orí àpò kan, ó ń nawọ́ sí Dókítà, ó ní omi tí ọkọ̀ bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbé ọkọ̀, sà, bí omi bá ti dé etí rẹ̀ kò rí omíràn tì mọ́, ẹrù tó bá ti wúwo ju omi tó tì lọ, kò sí ohun tí yóò gbé e. Òmíràn ní ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ irin ńlá fi ń léfòó tí ìṣó kékeré ń rì. Òmíràn ní bí omi bá níyọ̀ bíi ti òkun, ó lè gbà ju mẹ́jọ lọ díẹ̀. Dókítà ń kọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, bírò rẹ̀ kò lè bá wọn mọ́. Ó sọ fún Tíṣà pé kò sí ọdún tí wàá tún kà. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ fún ọ fúnra òun, nítorí náà nígbà tí ó bá sọ ọ́, pariwo bí ẹni tí kò tíì gbọ́.

A ti fa ọkọ̀ náà sókè. Òfin mi mú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ara mi ni mo rì: mo gbọ́n omi, mo sì kúnlẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Mùbàṣírù jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bi mí pé báwo ni ti ilé. Mo ti ya ìlà pupa sára ọkọ̀, ní ibi tí ẹrù kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kọjá. Àwọn obìnrin díẹ̀ ti padà. Àwọn yòókù ṣì ń wò mí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi owó ọ̀dà pupa ránṣẹ́, èyí tí mo fi ya ìlà, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo yá. Fi ti korobá ránṣẹ́ pẹ̀lú, tèmi ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀sà. Bá àwọn ará Ìlú Ọba sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń kẹ́rù sínú ọkọ̀ mi láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó san owó ọkọ̀. Bí o bá sì wálé, mú téèpù télọ̀ dání, ọkọ̀ Mùbàṣírù wà níbẹ̀ kò tíì lọ sílé-ìwé.

Ibi tí o bá gbé ẹrù sí, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò gbà á. Ohun tí wọ́n bá gbé lé ọ kò ní kọjá ìlà rẹ. Ìyá rẹ yóò wé gèlè, èmi yóò dé fìlà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ síta, a ò ní ṣàìsàn lọ́jọ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zechariah.

Mo gbàgbé. Mo ka ìwé yìí sí ìyá rẹ létí, ó ní irọ́ wà níbẹ̀, kí n tú u kó tó kúrò nílé. Kì í ṣe gáùn. Aṣọ òjò ni Dókítà bọ́ fún mi nígbà tí mo jáde nínú omi tí eyín mi ń lu ara wọn, kò sì fi wọ̀ mí, ó nà án sí mi ni, mo wọ̀ ọ́ sódì. Mùbàṣírù nìkan ló ń pè mí ní Ọ̀mọ̀wé, kì í sì í fi yìn mí. Ọ̀sà kò dákẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ti àwọn ẹja, òótọ́ pọ́ńbélé ni, wọ́n wá wò mí, mo rí wọn kedere: ojú mi wà lábẹ́ omi lọ́dọ̀ wọn nígbà náà.